Oorun Fọlákẹ́ àti Ẹ̀rí Tí Mo Kọ́kọ́ Jẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tún jẹ́ kí n dúró síbí. Ẹ̀yin ará, mo ti dúró síbí rí, níbi ìkórè tó kọjá. Mo ní Ọlọ́run ti wo Fọlákẹ́ àbúrò mi sàn kúrò nínú àìsàn oorun. Ẹ jó lọ́jọ́ náà, ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rí yẹn kò pé. Ìdí tí mo fi padà wá nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bó bá ń ránṣọ lọ́wọ́, oorun á kàn gbé e lọ lórí máṣíìnì. Bó bá rẹ́rìn-ín gan-an, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á ṣubú. Kò ní lè gbé ọwọ́, àmọ́ á máa gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Vọkanáísà ni mí ní Ọ̀yọ́ yìí, mi ò lè pe orúkọ àìsàn náà. Nígbà tó dín kù, mo sọ fún yín pé àdúrà ni. Àdúrà ni lóòótọ́. Àmọ́ mi ò sọ pé dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún un ní oògùn méjì, àti pé ojoojúmọ́ ló ń lò wọ́n. Èmi ni mo ní kó máa lò wọ́n ní kọ̀rọ̀. Ojú ló ń tì mí.

Lóṣù tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. A gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní apẹ́ńdíìsì ni, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kíákíá. Nọ́ọ̀sì mú bébà, ó bi mí pé ṣé ó ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, ṣé ó ń lo oògùn. Ìrora ò jẹ́ kí Fọlákẹ́ lè sọ̀rọ̀. Ó kàn wò mí. Mo rò ó pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti fẹnu ara mi ba ẹ̀rí mi jẹ́, àìsàn yẹn á sì padà.

Mo ní, "Kò sí, mà."

Wọ́n tì í wọ tíátà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo fẹ́ gbàdúrà. Ohun tí dókítà tó fún un ní oògùn sọ lọ́jọ́sí ló ń dún létí mi: "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kun ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un." Mo dìde, mo gbá ilẹ̀kùn tíátà.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Bọ̀dá, ṣé ọjà Takie lẹ rò pé ẹ wà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa."

Dókítà tó fẹ́ kun ún lóorun jáde wá, bàbá kan tó fi aṣọ bo imú. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo yọ oògùn náà nínú báàgì Fọlákẹ́. Ó wò wọ́n títí.

"O ò tètè sọ. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè bá oògùn tèmi jà. Bí a bá sì ṣe tán, ó lè má tètè jí."

Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Iṣẹ́ abẹ parí lóòótọ́, Fọlákẹ́ ò jí. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì pè é, kò dáhùn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọwọ́ já bọ́. Ó ti ju wákàtí kan lọ. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bó bá jí, màá padà wá tún ẹ̀rí mi sọ.

Nígbà tó yá, ó lajú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bọ̀dá mi, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́." Ó gbọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tún ti rọ́bà tí wọ́n fi ń gba èémí padà sí òun lọ́fun. Ó gbọ́ nígbà tí bàbá yẹn dáhùn pé, "Ẹ fara balẹ̀. Ó ń mí dáadáa, ó sì ń gbọ́ wa. Ara ni kò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún mi. Ẹ̀yin ará, díẹ̀ ló kù kí n má sọ.

Fọlákẹ́ ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn. Oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì, kò fi pa mọ́ mọ́. Bí ẹ bá rí i tó ṣubú, ẹ má dà bò ó, ẹ má sì sọ pé ẹ̀mí kan ló gbé e. Ẹ fi nǹkan rọ̀ ọ́ lórí, kí ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gbọ́ yín. Ọlọ́run tó lé mi dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ni ògo. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi kọrin. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lẹ́rìn-ín jù.