Àga Kò-yé-mi

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kú ara fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé èmi ni mo dìde. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà pọ̀ níbí tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kó tó kàn mí. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní yunifásítì, n kò tíì mọ nǹkan kan. Ìyá mi ló ní, "Dìde, bá àǹtí ẹ sọ̀rọ̀." Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi bò ó.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n pè mí lórí fóònù kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohùn mi dà bíi tẹni tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n ní Àǹtí ti kú. Kú báwo? Àǹtí wo? Ẹ̀yin èèyàn wa, mo ṣì ń béèrè. Mo wo pósí yìí, mo tún wo ẹnu ọ̀nà, bíi pé wọ́n máa tó gbé báàgì wọn wọlé, kí wọ́n ní, "Ta ló kú tí gbogbo yín fi lejú báyìí?"

Ẹ wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, páálí ni wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀. Iwájú kíláàsì Àǹtí ló máa ń wà, nítòsí pátákó. Àga Kò-yé-mi ni orúkọ rẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá yé ọ, o ò ní sá pamọ́ sẹ́yìn. Wàá wá jókòó níwájú, ẹni tó yé á sì dìde lọ sídìí pátákó, á máa ṣàlàyé títí o fi máa sọ pé, "Ó ti yé mi." Bí o bá dákẹ́, kò tíì yé ọ nìyẹn, ẹni tó ń ṣàlàyé gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà míì gbà ṣe é. Òfin kíláàsì nìyẹn. Ta ló sì ń jókòó síbẹ̀ jù? Àǹtí fúnra wọn. Wọ́n á dijú, wọ́n á káwọ́ lé itan, wọ́n á máa gbọ́.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́, inú bí wọn. "Ìyáàfin, ẹ̀yin tíṣà lẹ jókòó síwájú ọmọ, ẹ ní kò yé yín? Kí làwọn òbí máa sọ?"

Àǹtí ní, "Ọ̀rọ̀ yín yìí náà kò yé mi, sà. Ẹ gba ọ̀nà míì."

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé àga lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹrù tó ti bàjẹ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tò sí gbàgede, wọ́n ń kọrin, ni Àǹtí bá gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú bàtà gogoro, àga lórí. Agídí wọn kì í ṣe kékeré! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Àǹtí náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, olùkọ́ á sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á máa mi orí, èmi náà á máa mi orí. Mo pe Àǹtí, mo ń sunkún. Mo ní, "Àǹtí, olódo ni mí. Gbogbo wọn ló yé."

"Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé ó yé wọn?"

"Wọ́n ń mi orí ni, mà."

"Ìwọ ńkọ́, kí lò ń mì?"

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá tètè mọ nǹkan ló gbọ́n. Àǹtí kì í tètè mọ nǹkan. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n parọ́ fún ara wọn pé àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó le. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí jókòó sórí àga yìí. Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ kíláàsì wọn, ló wà nídìí pátákó. Ìdá mẹ́rin ló ń ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé tán, ó ní, "Ṣé ó ti yé yín, mà?" Àǹtí dákẹ́, ojú wọn wà ní dídì. Àbúrò mi pa pátákó rẹ́, ó ya búrẹ́dì, ó pín in sí mẹ́rin. Wọ́n dákẹ́. Ó tú rìbọ́ọ̀nù orí ara rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó lọ fi í sí Àǹtí lọ́wọ́. Ọwọ́ yẹn ló sọ fún un.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún ìyá wa: "Olódo ni mí. Ẹni tó gbọ́n á ti mọ̀." Ó ní òun ò ní padà sí kíláàsì yẹn láéláé.

Àbúrò mi, wò mí. Dókítà ní ọkàn wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò sẹ́ni tó lè sáré bá a. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tí dókítà kò mọ̀. Àgbà dákẹ́ níwájú ẹ, o ò sọ pé wọn ò gbọ́n. O ò bínú. O rò pé àlàyé tìẹ ni kò tíì tó, o sì ń wá ọ̀nà míì, títí o fi tú irun orí ẹ. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ọgbọ́n, kí ni Àǹtí fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ wa? Rìbọ́ọ̀nù náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn nínú pósí. Ìyá wa ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́.

Àǹtí mi, ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Kí ọ̀nà tẹ́jú fún yín. Bí ẹ bá débẹ̀, tí nǹkan kan bá rú yín lójú, ẹ má tijú o. Ẹ wá àga, ẹ jókòó, ẹ béèrè.

Èmi náà máa jókòó sórí èyí báyìí. Ikú yìí kò yé mi rárá. Àbúrò mi, kì í ṣe dandan kó jẹ́ lónìí. Ìgbàkígbà tí o bá ṣe tán, wá ṣàlàyé fún mi.

Ó ku ohun kan, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa. Lẹ́yìn tí Àǹtí kú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tún ti ní kí wọ́n gbé àga yìí jù nù. Àwa la lọ gbé e. Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó máa ti wà níwájú kíláàsì. Bí ọ̀gá bá bi yín ta ló gbé e padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ọ̀rọ̀ náà kò yé yín.