Yìnyín Tí Mo Kó Kúrò Lórí Ẹ̀jẹ̀ Sinalei

Èmi Akenese, tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe nọ́ọ̀sì abúlé wa ní erékùṣù Savai'i, ni mo ń kọ èyí. Kíndìnrín mi ti ń kọṣẹ́, dókítà sì ti sọ iye oṣù tó kù fún mi. N kò fẹ́ kí wọ́n sin ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi. Gbogbo abúlé gbà pé èmi ni mo gba ọmọ Peleiupu là. Irọ́ ni. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Sinalei ni orúkọ ọmọ náà. Wọ́n bí i pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní Dáùn, àbùdá ìbí tí kì í jẹ́ kí ọmọ tètè kẹ́kọ̀ọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ìbáà yá gágá, àyẹ̀wò ọdọọdún wà fún un: etí, ojú, ọkàn, àti ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ̀ bóyá tàírọ́ọ̀dù, ẹran kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ìyẹn bá dẹwọ́, gbogbo ara ni yóò máa falẹ̀. Èmi ni mo máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà sínú kúlà yìnyín, tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Apia, olú ìlú wa. Wọn a fi fóònù sọ èsì fún mi, èmi a kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò.

Ọdún tí Sinalei pé mẹ́jọ, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Funfun, tí àwọn ọmọdé máa ń jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó jà. Èèyàn mẹ́ta ló dì í mú. Ó wò mí lójú, ó ní, "Akenese burúkú!" Peleiupu, ìyá rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, Àǹtí. Tó bá dọjọ́ Sunday, ẹ̀yin náà ló máa wá fijó hàn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, fírísà ìyá oníṣọ́ọ̀bù kú, àwọn ìyá ìjọ sì gbé áísìkirìmù ọdún náà sáré wá bá mi. "Akenese, kúlà ẹ tóbi. Ṣé omi wàrà lo fẹ́ káwọn ọmọ mu lọ́jọ́ ọdún wọn ni?" Mo yọ ẹ̀jẹ̀ náà sójú fèrèsé, mo ní wákàtí kan péré ni. Áísìkirìmù wọlé sórí yìnyín. Ọjọ́ Ajé ni mo tó rántí. Oòrùn ti sè é. Mo dà á sínú ṣáláńgá.

Ó yẹ kí n padà lọ fa òmíràn. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ kí n tó di nọ́ọ̀sì, kìlómítà mẹ́fà lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú bàtà kan tí èmi àti àbúrò mi jọ ń wọ̀. N kò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo da nọ́ńbà ọdún tó ṣáájú kọ, mo fi déètì tuntun sí i.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Peleiupu wá. "Àǹtí, ọmọ yìí ti yí padà o. Ara ẹ̀ gbẹ bí èèpo àgbọn, kò yàgbẹ́ lọ́jọ́ mẹ́fà. Mo forin sí i, ó kàn ń wò mí."

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyẹn tí wọ́n bá ń dàgbà. Ọ̀lẹ ni."

Ó gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sílé. Àǹtí ọkọ rẹ̀ a máa pariwo pé, "Ẹ gbé ìrọ̀rí wá fún olorì!" Ìyá ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìgbálẹ̀ jí i.

Ní oṣù kẹjọ, dókítà wá láti Apia. Ó ṣí ìwé náà. "Tàírọ́ọ̀dù ẹ̀ dáa, kò sì tíì pọ́dún. Nọ́ọ̀sì, ṣé ká tún fa ẹ̀jẹ̀, àbí ká dúró?" Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Apá ọmọ náà wà lórí tábìlì. Kò jà mọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró, dókítà."

Ọjọ́ Ìsinmi Funfun tún dé, Sinalei ṣubú nínú aṣọ funfun rẹ̀, ara rẹ̀ tutù. Èmi ni mo gbé e sọdá òkun. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n rí i pé tàírọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dẹwọ́. Oògùn kékeré kan láràárọ̀ ni, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ó ti ń jó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹsẹ Bíbélì tó máa ń kà láìwòwé kò padà.

Peleiupu gbé ẹní àtàtà tí ìyá rẹ̀ hun wá fún mi. Ó jókòó, ó ń sunkún. "Ọmọ ń ṣàìsàn, èmi ń fi ìgbálẹ̀ nà án." Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi jù, bí ẹni pé ó ní díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà. Ọdún méjìlá ni mo fi jẹ́ kó gbé e.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn mi, bí ẹ kò bá ní èsì, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí ìyá bá sì ní ọmọ òun yí padà, ẹ gbà á gbọ́.

Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, n óò jókòó níwájú ilé Peleiupu bí ẹni tó ṣẹ̀ ṣe ń ṣe níbí, ẹní bò mí lórí, títí wọn yóò fi ṣí i láti fi hàn pé wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, olórí ẹbí wa, ní òun yóò bá mi jókòó. Ó bi mí pé, "Ẹní tó fún ẹ náà lo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?" Òun náà ni. N kò tẹ́ ẹ rí.

Ìwé Sinalei yóò wà lórí itan mi. Mo ti fa ìlà pupa sábẹ́ nọ́ńbà náà àti déètì tí mo fi sí i. Peleiupu, bí o bá ṣí ẹní náà, má tíì dárí jì mí. Kọ́kọ́ wo déètì yẹn, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìgbálẹ̀ rẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.