Etí Tí Mo Fi Sókè Àjà

Ìyàwó mi, jókòó. Ẹ̀yin tí a jọ sá ogun wá sílùú yìí, ẹ bá mi dì í mú bó bá fẹ́ dìde, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ti jẹ mí nínú tán. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, yóò dá ihò sí mi níkùn jáde.

Ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ẹnu-Ò-Dilẹ̀. Èmi ni mo sọ fún yín pé mo wúkọ́ lójú títì, òtútù mú ikọ́ náà, ó dì, ó já bọ́, ó fọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ilé yìí, gbogbo nǹkan ló ń ba màmá ìyàwó mi lẹ́rù: ilẹ̀kùn tó ń dá ṣí, aládùúgbò tí kì í dáhùn bí a bá kí i. Ó wo òkè àjà, ó rí ohun funfun roboto tí iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, kí nìyẹn?"

Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti sọ fún mi pé ńṣe ló máa ń ké bí èéfín bá kún ilé. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Mo ní, "Ẹ rọra, Mà. Etí ìjọba ni. Bí eèrà bá sín, ó gbọ́. Ẹni tó bá pariwo ní èdè wa, wọ́n á kó gbogbo ilé rẹ̀ padà sínú ogun."

Mo rò pé yóò gbá mi lẹ́yìn ọrùn, kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, obìnrin tó lè pe ọkọ̀ dúró láti ìlú kejì ló wá ń fọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ṣé mo tú àwàdà náà? N ò tú u. Ilé parọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní ọ̀lẹ mọ́, ó sì dùn mọ́ mi. A mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà sọ pé ìlú àjèjì ló dá jìnnìjìnnì bò ó, pé yóò mọ́ ọn lára. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Bí a ṣe ń bọ̀, màmá fà mí láṣọ, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Ṣé mo ń ṣe é dáadáa? Wọn ò ní dá ọmọ mi padà?"

Mo ní, "Ẹ ń gbìyànjú, Mà." Ọlọ́ṣà sàn jù mí lọ.

Ọ̀sán tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ìyàwó mi wà ní yàrá kejì, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń pariwo. Mo bá màmá nílẹ̀ ilé ìdáná, ó ti tutù. Ọwọ́ kan wà láyà rẹ̀. Ọwọ́ kejì ti ki gèlè bọ ẹnu, ó fi eyín há a mọ́ra. Mo fa gèlè náà yọ, mo wé e padà sí i lórí, kí n tó pe ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó mi, o ní màmá rẹ ké, pé ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí o gbọ́. O ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ láti ìgbà náà. Ọwọ́ lo fi ń fọṣọ, ìka rẹ ti bó. Màmá rẹ ò ké. Ó di ara rẹ̀ lẹ́nu nítorí rẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Lánàá, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wo òkè àjà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí nìyẹn?" Ẹnu mi tún ń yún mi. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tuntun bá bi yín, ohun tó jẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹni tó sá ogun ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwàdà àti òfin.

Ìyàwó mi, dárí jì mí bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, bú mi. Ké. Kò sí etí kankan lókè àjà.