Ṣọkọ Tí Mo Já Níwájú Ilé Ìyá Mina

Nígbà tí èmi yìí wà ní ọmọge, ta ló ń tọrọ àyè kó tó já ẹ̀fọ́? Ẹ gbọ́ o... ẹ̀yìnkùlé ẹni tó bá wù ọ́ ni wàá ti já ṣọkọ. Ìyá mi a ní, “Já a, àmọ́ rẹ́ ẹ lórí dáadáa. Ṣọkọ tí a kò rẹ́ lórí kì í pẹ̀ka.”

Ẹ wá wo Sharjah yìí. Oṣù kẹjọ ni mo dé ilé ìyá yín, mo sì gbin tẹ̀tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oòrùn sè é kí èmi tó sè é! Ìyá Mina, ará Íńdíà tó múlé tì wá, ń rẹ́rìn-ín: “Mama, ẹ ní sùúrù. Ó di ìparí oṣù kẹsàn-án.”

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ooru rọ̀, ó gbin tòmátò, ata àti òdòdó síwájú ilé rẹ̀. Èmi náà gbin ilá tí bàbá yín rà ní ọjà Naif ní Dubai.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan... kí ni mo rí láàrin òdòdó yẹn? Ṣọkọ! Ní ilẹ̀ Lárúbáwá! Omi bọ́ lójú mi. Mo já a kún abọ́, mo sè é, ó tán pátá lálẹ́.

Kò pẹ́ sí i, ilẹ̀kùn ń dún gbàgbàgbà. “Mama! Òdòdó mi dà?”

Àṣé orí ṣọkọ yẹn ni wọ́n fẹ́ sín sí òwú, kí Mina, ọmọ rẹ̀, fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí ìyàwó ṣe ń ṣe nílẹ̀ wọn. Ìgbéyàwó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìyá yín kọjú sí mi: “Màámi, ẹ fi òdòdó ìyàwó se ọbẹ̀?”

“Ìwọ ńkọ́? Ta ló bù ú lẹ́ẹ̀mejì?”

Mo ní, “Ìyá Mina, ẹ fọkàn balẹ̀, yóò pẹ̀ka.” Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò kí mi! Ojoojúmọ́ ni mo ń jí bomi rin ṣọkọ náà, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Ìgbà tó máa yọ... igi tó ní orí kan tẹ́lẹ̀ yọ mẹ́rin, ó yọ márùn-ún! Mina wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Ìyá Mina fi ewé tó kù se ọbẹ̀ alágbọn, ó gbé e wá fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ooru rọ̀ kí ẹ tó gbin nǹkan. Ẹ sì tọrọ kí ẹ tó já. Ayé ti yí padà. Ọbẹ̀ alágbọn yẹn dùn o... àmọ́ ẹ má sọ fún un pé mo bu irú sí i.