Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Iná

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín. Bí Pásítọ̀ ṣe sọ pé Aláwàdà ló kọ ohun tí òun fẹ́ kà yìí, àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹnu, àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin sì ti ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Ẹ̀bi yín kọ́. Èmi ni mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Nínú ìjọ yìí, bí mo bá ní kí a gbàdúrà, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Bí mo bá pariwo pé ilé ń jó, ẹ ó ní kí n tún un ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Pásítọ̀ pé kí wọ́n bá mi kà á, torí ohùn Pásítọ̀, kí wọ́n forí jì mí, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín rí, àfi ìgbà tí wọ́n bá ń kọrin. Pásítọ̀, ẹ má fo ìyẹn. Àga tó kẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n n kò ní sá. Ẹ fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n mi Oníná lónìí. N kò fẹ́ kí ẹ sin òtítọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ dé sínú ìjọ yìí lẹ́yìn, ẹ kò mọ̀ ọ́n sí Oníná. Gbàgbé-Iná ni ẹ mọ̀ ọ́n sí, bàbá akólòlò tí ń tún áyọ́ọ̀nù àti rédíò ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún yín pé ó gbàgbé iná mànàmáná sílẹ̀ láìpa ní gbọ̀ngàn eré, tí iná náà fi gbé ọmọbìnrin oníjó tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ títí dòní. Oníjó náà nìyí níwájú, lápá òsì, tó fi ìborùn bo apá. Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé iná. Ọwọ́ tèmi yìí ló tan án.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dára, torí ibi tó dára wà. A kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn eré kan náà ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni aláwàdà, òun ló ń tọ́jú iná. Bí a bá dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, a óò lọ jẹun, òun á jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, á ṣí Bíbélì, á máa kà á jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀gún kúrò lára ẹja. Mo máa ń lọ yọ ọ́ lẹ́nu. Mo wí fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó ka orí kan tán, Jésù á ti dé." Ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Ó ní, "Tó bá dé, á dúró kí n parí ẹ̀." Nígbà tí ìyá mi kú, èmi tí mo ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, n kò rí ẹni tó gbà pé mò ń sunkún. Wọ́n rò pé eré ni. Àwọn ará àdúgbò ń pàtẹ́wọ́. Oníná nìkan ló wọlé, ó jókòó tì mí lórí ibùsùn, ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan. Láti inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti gba Jésù gbọ́. Bí mo ti ṣèrìbọmi tán, mo lọ ra àgbélébùú kan so mọ́ ọrùn, ó tóbi débi pé bí mo bá yí sọ́tùn-ún, ó ń gbá ẹni tó wà lósì. Oníná gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wọ̀n ọ́n wò. Ó ní, "Àbúrò, ẹrù ni, kì í ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Téèyàn bá sọ tiẹ̀ kalẹ̀, kì í wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ló máa gbé e." Mo ní kó tún un wí kí n lè fi ṣe eré. Ẹ wo irú ọmọlẹ́yìn tí mo jẹ́.

Ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, òrùlé gbọ̀ngàn sì ti ń jò. Oníná fọwọ́ tọ ògiri ẹ̀yìn ìtàgé lọ, ó rí i pé omi ti dé ara wáyà kan tó ti bó, wáyà yẹn sì fara kan àtẹ̀gùn irin tí àwọn oníjó ń gùn bọ̀ sórí ìtàgé. Ó pa iná, ó ti àpótí iná, ó lọ sọ fún ọ̀gá pé eré kò lè wáyé àfi bí òun bá pààrọ̀ wáyà náà. Ọ̀gá ní èrò ti ń wọlé. Oníná ní kí èrò jókòó nínú òkùnkùn, òkùnkùn kì í pààyàn. Ó gbé agbòjò, ó ń lọ wá wáyà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ àpótí iná, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí òun bá fún ọ̀gá, yóò ṣí i. Bí òun bá mú un lọ, wọn yóò fọ́ àpótí. "Ìwọ ni mo fún. Arákùnrin mi ni ẹ́." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tilẹ̀ gbàdúrà ìrìn àjò fún un.

Inú yín yóò dùn bí mo bá sọ pé ọ̀gá halẹ̀ mọ́ mi, tàbí pé ó fi iṣẹ́ mi dẹ́rù bà mí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó kàn kọjá níwájú mi ni, ó ní òun ń lọ dá èrò padà sílé. Èmi ni mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìkélé. Ẹ̀yin ará, gbọ̀ngàn kún! Òkè ilé tí a máa ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí, èèyàn jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn, wọ́n ń pè mí, "Aláwàdà! Aláwàdà!" Mo wí fún ara mi pé òjò ti dá. Mo wí fún ara mi pé Oníná máa ń bẹ̀rù jù. Ọkàn èèyàn mọ bí a ṣe ń ṣe agbẹjọ́rò. Mo rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, mo ṣí àpótí, mo tan iná. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Mo sáré bọ́ sórí ìtàgé, gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ sọ bì wọ́n lulẹ̀. Àárín ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ igbe kan lẹ́yìn mi. Oníjó ló fi ẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn irin. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo yí ojú sí àwọn èrò, mo ní, "Ẹ gbọ́, ìyá ìyàwó mi ti dé." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Títí káfíńtà tó ń kan ìtàgé fún wa fi fi pákó gbá ọmọ náà kúrò lára irin, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo sáré padà lọ pa iná, mo ti àpótí, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Nígbà tí Oníná padà dé, tòun ti wáyà tuntun ní èjìká, ọmọ ti wà ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin yóò rò pé èyí ni ó burú jù. Rárá. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló burú jù. Yàrá ìmúra ni ọ̀gá pe ìwádìí sí, torí òun nìkan ni kò jò. Dígí ló yí yàrá náà ká, kò sí ibi tí mo kọjú sí tí n kò rí ara mi. Ọ̀gá jókòó, àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó, àwa òṣèré tó kù fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n bi Oníná léèrè, ó ní òun pa iná, òun sì ti àpótí. Wọ́n ní ta ló wá ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Òógùn bò ó. Ó ní, "Mo fún A-a-a-a..." Mo mọ orúkọ tó ń bọ̀. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ síta. Ara mi sì ṣe ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ ọ. Mo na ọrùn bíi tirẹ̀, mo di ojú bíi tirẹ̀, mo gbé èjìká sókè bíi tirẹ̀, mo ní, "Mo fún a-a-a-áńgẹ́lì!" Yàrá dàrú. Àgbà kan yẹ̀ lórí àga. Ọ̀gá ń nu omi ojú. Bí ẹ̀rín ṣe fẹ́ rọlẹ̀, ẹnì kan béèrè pé, "Oníná, áńgẹ́lì wo?" ó sì tún gbiná. Oníná yí ojú, ó wò mí nínú dígí. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọ́n ní iná ìjọba ló lọ tó tún padà dé, pé kò pa á rárá, ó gbàgbé iná sílẹ̀, ó ń fi ìkólòlò bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Pétérù tiẹ̀ sẹ́ Olúwa rẹ̀ níbi tí ẹ̀rù wà. Èmi sẹ́ arákùnrin mi, mo sì gba àtẹ́wọ́ lé e.

Wọ́n lé e níṣẹ́. Kò sí ẹni tó tún jẹ́ kó fọwọ́ kan iná ilé òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú ẹkún, torí wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ Gbàgbé. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó ti pósí yẹn, kò yé gbà á gbọ́, wọ́n sì fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní gbogbo Sátidé, Oníná ń pọn omi lọ sílé Oníjó, torí apá kan kò lè gbé garawa. Oníjó a sì máa sọ sí i létí pé, "Ọwọ́ tó rọ mí lápá ló ń pọn omi fún mi." Kì í dá a lóhùn. Mo máa ń bá wọn pàdé bí mo bá ń lọ ìgbáradì eré Ọjọ́ Àjíǹde. Mo máa ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Á dáhùn. Omi tèmi ló ń pọn.

Èmi ńkọ́? Èmi lẹ fi ṣe Pétérù lọ́dọọdún. Káfíńtà yẹn náà á máa kọ bí àkùkọ lẹ́yìn ìkélé, èmi á bú sẹ́kún, ìjọ á bá mi sun ún, àwọn kan á jáde síwájú wá fi ayé wọn fún Kristi. Àlùbọ́sà ló wà nínú áńkáṣíìfù mi. Pé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn dúró nínú ìgbàgbọ́ títí dòní, Ọlọ́run nìkan ló ṣe é. Àlùbọ́sà kò lè ṣe é. Àwàdà áńgẹ́lì yẹn náà, mo ń gbé e kiri. Kò sí ẹnikẹ́ni níbí tí kò tíì fi rẹ́rìn-ín. Mo ṣe é lọ́jọ́ kan tí Oníná fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga tí mo wà yìí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì jáde. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó dúró bá mi ká wáyà gbohùngbohùn, ó ní kí n má máa ká a le, pé ó ń já nínú.

Ìgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, mo lọ wò ó. Mo ti to àwàdà jọ láti ilé. Ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ wá omi gbígbóná, ó sì bi mí pé, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" Àwàdà tán lẹ́nu mi. Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ. Ẹ̀yin ará, n kò ní kọ ìkólòlò rẹ̀ síbí, mo ti fi ṣòwò tó. Ohun tó sọ ni pé, "Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ mí kanlẹ̀ kí n tún un sọ. Ìgbà tí mo rí ojú ẹ nínú dígí, mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Mo ní kí n fi sílẹ̀, wàá wá sọ ọ́ fúnra ẹ. Mo rò pé ọ̀la ni." Ó ní, "Èmi náà ṣàṣìṣe. Ó yẹ kí n bá ẹ wí. Àwọn ọmọ mi ló jìyà ẹ̀." Mo kúnlẹ̀. Mo ṣèlérí pé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, níwájú gbogbo ìjọ, n óò sọ ọ́.

Sọ́ńdè dé. Ẹ rántí? Mo bọ́ síwájú, mo di gbohùngbohùn mú. Kí n tó la ẹnu, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn móoru, ẹ̀yin ará, ó móoru bí omi ìwẹ̀ lọ́jọ́ òtútù. Mo sọ àwàdà bàbá aṣọ́nà tó sùn lọ tó ń dá ara rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ jókòó. Mo wí fún ara mi pé ọ̀la ni. Kí Sọ́ńdè mìíràn tó pé, ó ti lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, bàbá yín kò gbàgbé ohunkóhun rí. Oníjó, ìwọ ni n kò mọ ẹnu tí mo lè fi bẹ̀. Bí o kò bá lè dárí jì mí, jọ̀wọ́ dárí jì í, torí kò ṣẹ̀ ọ́. Bí a bá ti ibojì dé, n óò lọ sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pàá bí mo ti kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí adùn ẹnu bíi tèmi tàn yín pé fàájì ni títọ Jésù lẹ́yìn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbólóhùn kan ṣoṣo yóò ná ọ ní gbogbo àtẹ́wọ́ tí o ní. Sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Má dúró de ọ̀la. Bí o bá sọ àgbélébùú rẹ kalẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e lẹ́yìn rẹ, tí ìwọ yóò sì máa kí i pé ó kú iṣẹ́.

Pásítọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìsàlẹ̀ àpò ìwé yìí. Ẹ fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé ta ló fún ní kọ́kọ́rọ́, wọn kò sì jẹ́ kó dáhùn tán. Ẹ̀yin ará, ẹ bá a parí rẹ̀. Ẹ kọjú sí ẹ̀yìn, kí ẹ pe orúkọ náà ketekete, ẹ má ṣe kánjú. Mo ti dìde.

Aláwàdà.