Ààyè Mi Lórí Òkè Ìsá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kí orúnkún yìí tó di ọ̀tá mi… Rùkáyá, ṣé fóònù yẹn ti ń gbọ́ mi? Ó dáa. Gbé e súnmọ́ mi, mi ò ní pariwo. Ẹ̀yin àbúrò rẹ̀, ẹ jókòó.

Òkè Ìsá ni mò ń sọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbafẹ́, ẹ ó sanwó wọ ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí, ẹ ó dúró, ẹ ó ya fọ́tò. Tiwa, ta ló sanwó? Ẹ̀yìn abúlé bàbá àgbà yín ló wà, nítòsí Ọ̀fàdà níbí. Àpáta ńlá kan, orí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n ń pè é ní Òkè Ìsá, nítorí orí rẹ̀ làwọn obìnrin ti ń sá ìrẹsì.

Ẹ gbọ́, ó dára! Ní kùtùkùtù, tó o bá gun orí rẹ̀, kùrukùru á ti bo gbogbo ìsàlẹ̀, orí ọ̀pẹ nìkan lo máa rí. Tí oòrùn bá wá ń yọ, kùrukùru á máa ká díẹ̀díẹ̀, odò Ògùn á yọ lọ́nà jíjìn, á máa dán. Kòtò kan wà láàárín àpáta tí omi òjò máa ń dúró sí. Lékeléke á wá mu níbẹ̀, wọn ò bẹ̀rù wa. Ní ẹsẹ̀ òkè, omi ń sun láti abẹ́ òkúta, ó tutù débi pé á máa ta ọ́ léyín. Fíríìjì wo? Ta ló mọ fíríìjì nígbà náà?

Ìrẹsì wa, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bọ̀ ọ́, a ó gbé e gòkè, a ó tẹ́ ẹní, a ó sá a. Àpáta yẹn máa ń gbóná, ìrẹsì á gbẹ kíá. Orí òkúta la sá a sí, síbẹ̀ o ò lè rí òkúta kan nínú rẹ̀. Èyí tí bàbá yín rà wá lọ́jọ́sí ńkọ́? Etí títì ni wọ́n sá a sí. Díẹ̀ ló kù kó yọ eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n o ò kàn lè gòkè lọ tẹ́ ẹní síbi tó bá wù ọ́ o. Rárá! Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ààyè tiẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ ló máa fún ọ. Òun náà, ìyá ọkọ tiẹ̀ ló fún un. Tí wọn ò bá tíì fún ọ, àlejò ni ọ́, o ò báà ti bímọ.

Èmi, wọn ò fún mi. Ọmọ Ifọ̀ ni mí, ìdí rélùwéè ni wọ́n bí mi sí. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi alùjánnà kẹ́ wọn, ọmọ abúlé wọn ni wọ́n fẹ́ kí ọkọ mi fẹ́. Ọmọ rélùwéè ni wọ́n ń pè mí. "Ọmọ rélùwéè, ṣé ọkọ̀ ojú irin ló ń bá yín bọ ìrẹsì nílé yín?" Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ fún mi ní ààyè." Wọ́n ní, "Ó dìgbà tí òkè bá mọ̀ ọ́."

Ìgbà wo ni òkè máa mọ èèyàn? Mo ń gbá orí àpáta ní ìdájí. Mo ń bá wọn ru ìrẹsì wọn gòkè. Tèmi, ìsàlẹ̀ ni mò ń sá a sí, níbi tí oòrùn kì í ti í pẹ́. Kì í tètè gbẹ, á máa rùn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe ti ìrẹsì o. Ìyàwó tí ò ní ààyè lórí òkè, ṣe ló dà bíi pé wọ́n máa dá a padà sílé bàbá rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti lọ tán, màá dúró létí òkè lọ́hùn-ún, màá kọjú sí apá Ifọ̀. Odò Ògùn wà láàárín wa, igbó wà láàárín wa. Nígbà míì màá rí èéfín tín-ín-rín, màá ní rélùwéè nìyẹn, ìyá mi náà ń wò ó báyìí… Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èéfín oko ẹnì kan ni. Ìyá ọkọ mi rí mi lọ́jọ́ kan. "O tún ti ń wo ilé. Ẹni tó ń wo ilé bàbá rẹ̀, ṣé ó máa gbélé ọkọ?"

Ó wá di ọjọ́ kan, àsìkò òjò àrọ̀kúrò. Ìrẹsì gbogbo ilé ló wà lórí òkè. Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí omi, igi ṣú bolẹ̀ níbẹ̀, o ò lè rí ojú ọ̀run. Èmi dúró síbi tí mo máa ń dúró sí, mò ń wá èéfín mi. Ni mo bá rí i… lójú odò lọ́hùn-ún, ó funfun, ó ń rìn bọ̀ lórí igbó. Òjò! Níbòmíì, èèyàn máa ń gbọ́ òjò ni. Lórí Òkè Ìsá, à ń rí i kó tó dé.

Mo figbe ta. "Ó ń bọ̀ o! Òjò ń bọ̀ o! Ẹ gòkè o!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní. Ti ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ ká, mo ká tẹni tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sáré dé, gbogbo wa ń ká, à ń dà á sí agbọ̀n, à ń gbé e wọ ahéré kékeré tó wà lókè níbẹ̀. Gbogbo ìrẹsì orí òkè la kó tán kí òjò tó dé.

Tèmi ńkọ́? Mo gbàgbé tèmi. Gbogbo omi tó rọ̀ sórí àpáta, ìsàlẹ̀ ló ṣàn lọ. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, ẹní mi ti há sídìí igi, ìrẹsì ti bá àgbàrá wọgbó. Ìyá ọkọ mi dúró, wọ́n ń wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá mi ṣà á nínú ẹrẹ̀, àgbàlagbà bí wọn.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fà mí lọ́wọ́ gòkè. Wọ́n tẹ́ ẹní tiwọn sí ìdajì ààyè wọn, wọ́n ní kí n tẹ́ tèmi sí ìdajì tó kù. Mo ní, "Apá wo, Ìyá?" Wọ́n ní, "Mú apá etí òkè. Ibẹ̀ lo ti ń rí Ifọ̀. Máa wo ilé ìyá rẹ, ọmọ mi, kó o máa bá wa ṣọ́ òjò." Ọmọ mi! Wọn ò dárúkọ rélùwéè mọ́. Rùkáyá, mo sunkún lórí àpáta yẹn.

Òkè náà ṣì wà. Ta ló lè gbé òkè? Ṣùgbọ́n wọ́n ti tà á mọ́ ilẹ̀, wọ́n mọ ògiri yí i ká, wọ́n ní ẹ́sítéètì ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Kòtò omi lékeléke, wọ́n ti fi síméǹtì dí i. Lẹ́yìn Iléyá, mo ní kí bàbá yín gbé mi débẹ̀. Ọmọkùnrin ẹnu géètì kí mi dáadáa, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, "Màmá, ta lẹ wá wá?" Kí ni kí n sọ? Kí n ní ẹní mi ni mo wá tẹ́? A yí mọ́tò padà.

Ẹni tó nilẹ̀ ló tà á, mi ò bá a jà. Èyí tó ń dùn mí ni ti ìyá yín. Láti ọjọ́ tó ti wọlé yìí ló ti ń tọ́jú mi. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Nígbà míì á dúró lójú fèrèsé, mo sì mọ ibi tó ń wò. Ìyá ọkọ tèmi fún mi ní ààyè. Èmi, ibo ni mo ní tí mo máa fún ìyàwó ọmọ mi?

Ayé ti yí, ọmọ mi… Pa fóònù yẹn.

Rárá, dúró ná. Lọ pe ìyá yín wá. Ẹní mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ bá mi tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó jókòó sí ìdajì tó kọjú sí Abẹ́òkúta. Ẹ ní mo ní kó wá bá mi ṣọ́ òjò.