Òwú Pupa Nínú Ihò Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Ó ti pẹ́ nínú mi débi pé ó ti ń rà, bí mo bá sì gbé e wọ ilẹ̀ lọ, kò ní jẹ́ kí n sùn níbẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ó kà á, ẹ má fi lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ mi rẹ́rìn-ín. Irun mi ti funfun kí n tó mọ̀wé kọ. Èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ ọmọ mi jẹ́. Kì í ṣe Ẹnjiníà.

Ọmọ ọmọ mi yìí, Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ mi yòókù ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti di ohùn inú fóònù. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan ní òkèèrè wá fẹ́ gba Abẹ́rẹ́, ó ku ìdánwò kan ṣoṣo, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbí ni yóò sì ti ṣe é. Inú rẹ̀ ń dùn. Èmi náà ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n àga tó máa ń jókòó sí ni mo ń wò.

Kọ̀ǹpútà yẹn ti gbó. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ wẹ̀ kó tó jí. Ẹnjiníà, ọmọ àbúrò mi tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìkóríta, ló ń rọ́jú tọ́jú rẹ̀. Ó bá a lórí kúbùsù mi lọ́jọ́ kan, ó ní: "Màmá àgbà, ẹ má gbé e sórí aṣọ mọ́. Àwọn ihò ẹ̀yìn yìí ni imú ẹ̀. Tí wọ́n bá dí, ara ẹ̀ á gbóná, á wá máa wọ́ bí ìgbín." Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ dáadáa ni. Ìmọ̀ràn tó fún mi ni mo pọ́n bí ọ̀bẹ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Abẹ́rẹ́ tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ kó lè tètè jí, ó wá bọ́ sí yàrá kejì láti fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, torí àwọn tó ń dán an wò máa rí i nínú kọ̀ǹpútà. Mo fa òwú yọ létí kúbùsù mi pupa, mo fi ìdí ìyarun tì í wọ inú àwọn ihò náà.

Abẹ́rẹ́ wá jókòó, ó tẹ ètò ìdánwò náà. Ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Àwọn tó ni ín ti dá àsìkò tó gbọ́dọ̀ fi ṣí; bó bá ti kọjá, á pa ara rẹ̀ dé. Ló bá kọ ọ́ sójú gíláàsì pé àsìkò ti kọjá. Abẹ́rẹ́ tún un tẹ̀. Àsìkò ti kọjá. Ọmọ tí kì í bẹ ènìyàn wá ń bẹ ẹ̀rọ: "Jọ̀ọ́, dákun, ṣí fún mi." Mo lè dìde nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ mi ṣì gbà mí. Mo jókòó, mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tí ètò náà tì í síta pátápátá, ó sáré lọ pe Ẹnjiníà. Kí wọ́n tó dé, mo ti fa òwú náà yọ, mo ti fi há inú ìró mi.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Ẹnjiníà fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, ó ní ara rẹ̀ gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Fọ́nrán pupa kan ṣì kù nínú ihò. Ó wò ó, ó wo kúbùsù tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

Abẹ́rẹ́ ní: "Kí lo ń wò? Àbí o ti yọ nǹkan inú ẹ̀ tà, o wá fi ògbólógbòó rọ́pò?" Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin lẹ wà níbí nígbà tó tú u kẹ́yìn."

Èmi arúgbó yìí, mo la ẹnu mi, mo ní: "Mo rí i tó ń ki nǹkan bọ àpò."

Ẹnjiníà kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, "Màmá àgbà, ó dàárọ̀," lọ́sàn-án gangan, ó sì jáde. Ọ̀rọ̀ náà ràn. Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ lọ fún olè? Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà.

Ẹsẹ̀ mi ti kọ̀ báyìí. Abẹ́rẹ́ ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò wá iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ó ní orí òun náà ló ń pẹ́ ṣí bíi ti kọ̀ǹpútà yẹn. Mo há a mọ́ yàrá, mo sì há ara mi mọ́ ọn. Kò síbi tí mo lè yíjú sí tí n kò ní rí i. Lánàá ó ń nu ẹsẹ̀ mi, ó ní: "Màmá, ó dáa bó ṣe rí. Ká ní mo lọ ni, ta ni ì bá máa tọ́jú yín? Ọlọ́run ló lo olè yẹn." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo lè gba èébú, mo lè gba ẹ̀gbin. Ọpẹ́ yẹn ni n kò lè gbé mì.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má pe ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìfẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣí fún yín, ẹ má yára di í ru orí yín. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná.

Ẹnjiníà, ọmọ mi, n kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Òwú náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mú un dání, lọ fi han Ẹnjiníà, kí o bẹ̀ ẹ́ fún èmi àti ìwọ. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀nà bá ṣì wà, gbé omi sítòsí mi, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí o máa lọ.